Bí Fìyín Ṣe Kọ́ Ìdúró ní Ìkẹ́rẹ́

Apá aṣọ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀. Aránṣọ ni mí, nítòsí ọjà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo sì ti rán aṣọ fún ọmọ ọlọ́mọ kó tó di pé mo bí tèmi. Nígbà tí mo rán aṣọ Kérésìmesì àkọ́kọ́ fún ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ kò wọ inú apá aṣọ náà. Mo tú u, mo tún un rán kó fẹ̀, kò wọ̀ síbẹ̀. Aṣọ kò kéré. Ọwọ́ ni kò nà. Ó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ jà, bí mo bá sì ní kí n fà á, gbogbo ara rẹ̀ á le gbagidi. Fìyínfólúwa la sọ ọ́, Fìyín là ń pè é. Ọmọ oṣù márùn-ún ni nígbà náà.

Mo ń kọ èyí fún ìyá tí ọmọ tirẹ̀ náà le gbagidi lọ́wọ́ báyìí, tí àwọn èèyàn sì ń sọ fún un pé kó ní sùúrù, pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ rìn. Èmi kì í ṣe onísùúrù. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé mi ò lè dúró kí omi hó dáadáa kí n tó da gààrí sí i. Ìkánjú yìí ló gbé ọmọ mi dé ọsibítù, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Èkó la wà nígbà tí mo bí i. Mo rọbí fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, kò ké. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n fa nǹkan ní imú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó ké, igbe náà kò sì ju ti ológìnní lọ. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ọmọ kò fi mí lè pa ọpọlọ rẹ̀ lára, débi pé ọpọlọ náà kò ní lè máa darí iṣan bó ṣe yẹ. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹnì kan.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ la kó wálé. Akọ̀wé ni ọkọ mi, wọ́n sì ń wá ọmọ ilẹ̀ wa tó máa ṣiṣẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì tuntun ní Adó. Inú gbogbo èèyàn ń dùn nígboro. Tèmi kò dùn. Fìyín ń sún mọ́ ọmọ ọdún méjì, kò tíì jókòó. Bí mo bá gbé e jókòó, á wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá gbé e dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á gba orí ara wọn kọjá bí àlùmọ́gàjí, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ni yóò sì dúró lé. Àwọn aládùúgbò gbà pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, pé n kò gba àjẹsára fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Káàdì àjẹsára rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kò fo ọjọ́ kan. Ó dé ìgbà kan tí mo ń gbé káàdì náà kiri nínú báàgì, tí mo ń yọ ọ́ han ẹni tí kò tiẹ̀ bi mí.

Ohun tó ń lé oorun lójú mi ni yàrá kan. Ní agboolé bàbá mi, ọkùnrin kan wà tí kò rìn láti kékeré. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí. Oúnjẹ là ń gbé wọlé fún un, ìdọ̀tí là ń gbé jáde, ó sì darúgbó síbẹ̀. Èmi náà ti gbé oúnjẹ fún un rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò sì mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ títí ó fi kú. Mo wo Fìyín lórí ẹní, mo rí yàrá náà. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ yìí yóò jáde nílé, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kíláàsì, àwọn èèyàn á sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní oko kòkó wọn lẹ́yìn ìlú. Lọ́jọ́ kan ó dé pẹ̀lú ìgò àdín àti ọkọ́. Mo mọ ohun tí àdín wà fún. Mo bi í pé ọkọ́ ńkọ́.

"Ulẹ̀ ni í kọ́ ọmọ ní ìdúró, ìyàwó," ni ó wí, ó sì fi ọkọ́ kan ilẹ̀. "Éè sí ọmọ tí mo gbé sí i rí tí éè rìn."

Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó gbé Fìyín sínú rẹ̀ dé ìbàdí, ó fi iyanrìn há a mọ́lẹ̀. Ẹ má rò pé ìkà ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà níbí ló mọ ihò yẹn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta, tanpẹ́pẹ́ bò ó lẹ́sẹ̀ nínú iyanrìn. Mo fà á yọ, mo dí ihò náà lójú ìyá ọkọ mi, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyàwó sọ. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sóko. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá dá sí i, ó ní kí n gbé ọmọ lọ bá wòlíì kan lọ́nà Òmùò, kí n fi í síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí n sì tètè bí òmíràn. Mo dá a lóhùn pé ọmọ kì í ṣe aṣọ tó bàjẹ́ tí èèyàn ń jù sílẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Adó kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n lásìkò yẹn ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ẹrù rẹ̀ láti Àkúrẹ́ ni. Wọ́n ní kí n lọ sí Àkúrẹ́, torí ibẹ̀ ni dókítà àwọn ọmọdé wà. Mo lọ, wọ́n ṣí fáìlì fún un, wọ́n ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní wọ́n ti gbé dókítà lọ sí Adó. Mo dé Adó, wọ́n ní fáìlì wà ní Àkúrẹ́. Mo lọ lọ bọ̀ bọ̀ báyìí, Fìyín lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó le ń gún mi ní ìhà. Bí mo bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, màá dìde, màá lọ wo ẹnu ọ̀nà, màá padà wá, ẹlòmíràn á ti gba ìjókòó mi. Nọ́ọ̀sì kan wò mí lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá èmi ni mo ń ṣàìsàn.

Dókítà tó rí i nígbẹ̀yìn ní Adó ló sọ fún mi pé ọpọlọ ló farapa nígbà ìbí, ó sì ní kí n lọ sí yàrá físíò, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá kọ́ iṣan lẹ́kọ̀ọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹní méjì wà nílẹ̀, dígí gíga kan wà lára ògiri, igi gbọọrọ méjì sì wà tí ọmọ lè dì mú rìn láàárín wọn. Obìnrin tó wà níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Físíò, kì í gbóhùn sókè. Ó tẹ́ Fìyín sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà án, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò sàn.

"Ibi tó farapa yẹn kò ní jinná, màmá, kò sì ní pọ̀ sí i," ó dá mi lóhùn. "Iṣẹ́ lẹ bá níbí. Ojoojúmọ́ sì ni."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkẹ́rẹ́. Oògùn ni mo lọ gbà, iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi.

Iṣẹ́ náà kò ní ariwo. A máa ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a óò sì dì í mú bẹ́ẹ̀ kí a tó tú u sílẹ̀. Mo fi àkísà inú ṣọ́ọ̀bù rán ìrọ̀rí kan tó gùn tó sì nípọn, ó máa ń gun orí rẹ̀ bí ẹni gun kẹ̀kẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yà. Lórí àpótí ìjókòó, màá na bọ́tìnnì sí i ní ọ̀tún, ní òsì, lókè, kí ó lè nawọ́ mú un láìwó. Lẹ́yìn náà a óò gbé e dúró sídìí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà lára ògiri. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ihò fún Àǹtí Físíò, tí mo rò pé yóò bá mi bínú sí ìyá ọkọ mi, ó ní ohun tí màmá ń wá náà làwọn ń wá, kí eegun ọmọ lè mọ ìwúwo ara rẹ̀. Ó ní tábìlì kò ní kòkòrò ni. Ojú tì mí.

Àmọ́ ọwọ́ mi kò dára fún iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń yára. Bí wọ́n bá ní kí n nà án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, màá ṣe ogún kí oníbàárà tó dé. Bí mo bá sì yára fa iṣan tó le, ńṣe ló ń le sí i. Ṣọ́ọ̀bù náà sì ń kú lọ. Ni mo bá wọ́ lọ sóko, mo kúnlẹ̀, mo bẹ ìyá ọkọ mi. Kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ parí. Ó bá mi wálé lọ́jọ́ kejì, mo kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n kọ́ mi, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ọwọ́ tó ti ń fọ́ kòkó láti èwe kì í kánjú. Á gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, á máa sọ ìtàn ẹbí fún un, ẹsẹ̀ yẹn á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Fìyín pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó jókòó fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń dúró bó bá di nǹkan mú. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà kí ó tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún láàárín igi méjì yẹn. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa. Obìnrin tó le ni. Ó ní òun kò kórìíra ọmọ mi, ṣùgbọ́n tíṣà kan ló wà fún ọmọ tó ju àádọ́ta lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò máa gbé e.

"Tó bá lè rìn láti géètì dé orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé e, màá gbà á ní September," ó wí. "Bí kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa."

Oṣù márùn-ún ló kù. Ẹ mọ Ìkẹ́rẹ́, orí àpáta la kọ́lé sí. Ọgbà ilé ìwé náà kò tẹ́jú. Àpáta yọ orí níhìn-ín, ó rì lọ́hùn-ún, àtẹ̀gùn méjì sì wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Àǹtí Físíò ní Fìyín nílò bàtà tó le, tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tí yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí gìgísẹ̀ lè kanlẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lé páálí, ó fi bírò yí i ká, ó ní kí n gbé páálí náà fún aṣebàtà, kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ó lóye ohun tí mo ṣe. Tá a bá ra bàtà fún ọmọ nílẹ̀ wa, ta ló ń ra èyí tó bá a mu? Èmi tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù, ìka mẹ́ta ni mo máa ń ṣẹ́ sínú létí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga. Ìyá tí mo bá ránṣọ fún tí kò rí ìṣẹ́tí yẹn, ìjà ni. Nítorí náà mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣebàtà, mo sọ fún un pé kó fi ìka méjì kún un níwájú, kó sì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọmọ ń dàgbà. Ó tọ́ka sí páálí. Mo ní èmi ni mo ni ọmọ. Nígbà tí bàtà dé, mo ki àkísà sí iwájú rẹ̀. Ó dà bíi pé ó bá a mu. Mi ò tiẹ̀ dúró di ọjọ́ tí a máa lọ sí Adó kí Àǹtí Físíò lè wò ó.

Ọjọ́ kẹta tó wọ̀ ọ́, ó fi ògiri tó dì mú sílẹ̀, ó ń rìn bọ̀ wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń pè é kó tètè máa bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí nínú bàtà. Ó fi àgbọ̀n gbá irin ẹsẹ̀ máṣíìnì. Àgbọ̀n là, eyín iwájú méjì kán. Ẹ̀jẹ̀ yẹn pọ̀. Wọ́n rán àgbọ̀n rẹ̀, ó sì jinná, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti fẹ́ gbé e dúró, yóò ké bí ẹni rí ejò, gbogbo ara rẹ̀ á sì le ju ti ìgbà ọmọ ọwọ́ lọ.

Mo di ẹ̀bi ru Àǹtí Físíò. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ló ní kí ọmọ tí kò lágbára máa dá rìn. Mi ò lọ sí Adó mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi jókòó sílé tí mò ń bínú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wòlíì, lọ́tẹ̀ yìí mo gbé àga fún un, mo gbọ́ ọ tán. Mo ti ń wo yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Mo tiẹ̀ kó ìdì aṣọ kúrò níbẹ̀, mo gbá a, mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń débẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló rí ohun tó fa ìṣubú náà. Obìnrin yìí kì í wọ bàtà àyàfi tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ fi bàtà náà ṣeré fún Fìyín kí ẹ̀rù rẹ̀ lè lọ. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa àkísà jáde. Ó tún fa òmíràn jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé ìsàlẹ̀ bàtà náà, ó wò ó, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Ìyàwó," ó wí, "bàtà ta rèé?"

Mo kàn jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé bàtà náà lọ sí Adó pẹ̀lú àkísà inú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Àǹtí Físíò kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n sunkún. Ó ní ọmọ yìí kò tíì ní ẹsẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ òní ló ní, òun sì ni kí n wọ bàtà fún. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún fi ohun kan kún un tí mi ò retí: ó ní ká kọ́ Fìyín bí èèyàn ṣe ń ṣubú àti bí èèyàn ṣe ń dìde, torí pé ọmọ tó mọ bí òun yóò ṣe dìde kò ní bẹ̀rù ilẹ̀. A ń ti í ṣubú sórí ìrọ̀rí, a ń rẹ́rìn-ín, á yí dojú bolẹ̀, á kó eékún jọ, á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á fi ọwọ́ ti itan, á dìde. Aṣebàtà ṣe òmíràn, ó bá orí páálí mu gẹ́lẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ó ti ń rìn yí ẹ̀yìnkùlé wa ká láìdi nǹkan mú.

September dé. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ dúró sí géètì, ọ̀gá ilé ìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Fìyín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń fì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká mọ́ àyà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ dúró wò ó. Nígbà tó dé ìdajì, níbi tí àpáta ti yọ orí, ó ṣubú. Mo gbéra. Ìyá ọkọ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ sì le.

"Fi í sulẹ̀," ó wí.

Fìyín yí dojú bolẹ̀. Ó kó eékún jọ, ó tún yẹ̀, ó tún un kó jọ. Mo rò pé ọdún kan ló lò níbẹ̀. Ó dìde, kò wẹ̀yìn, ó ń lọ. Ó di ògiri mú gun àtẹ̀gùn méjèèjì, ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má wo ìṣubú yẹn, pé àpáta ló fà á.

"Màmá Fìyín, kí ni mo sọ?" ó bi mí. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Ta ló gbé e?"

Ó wọlé, ó ṣí ìwé orúkọ, ó sì pe orúkọ rẹ̀ síta ní kíkún, Fìyínfólúwa, gbogbo kíláàsì sì dáhùn pé káàbọ̀.

Ó ti wà ní ìwé kẹta báyìí. Mi ò ní parọ́ fún yín, kò rí bí àwọn ọmọ yòókù. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè de bọ́tìnnì. Bí ó bá ṣe ń ga ni iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń le, nítorí náà a ṣì ń nà án láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé, a sì ń lọ sí Adó lóṣooṣù. Ìyá tó ń ka èyí, bí ọmọ rẹ bá le, tí kò gbé ọrùn, tí kò jókòó lásìkò, má dúró de ẹni tó ní kí o dúró. Gbé e lọ. Bí o bá sì débẹ̀, rọra. Ìyẹn ló ṣòro fún mi jù, ó ṣì ṣòro títí di òní.

Lánàá ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní iwájú ilé, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Gbogbo ara mi ń yún mi. Mo jókòó síbi tí mo wà.